Ẹ̀rọ etí wo ni kí n rà fún màmá mi?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ jọ̀ọ́, Iléṣà là ń gbé, màmá mi ti lé ní 70, tá a bá pè wọ́n láti kíṣìnnì wọn ò ní dáhùn, rédíò wọn ti ń pariwo dé ojú títì. Ẹnì kan lọ́jà fẹ́ ta ẹ̀rọ etí fún wa, ó ní kò nílò àyẹ̀wò kankan. Ṣé kí n rà á?

Ìyá Ìbejì: Ẹ má rà á o! Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà etí ní OAUTHC, ilé ìwòsàn yunifásítì n'Ífẹ̀ ná, nígbà míì ìdọ̀tí etí lásán ló dí ibẹ̀ pa. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, wọ́n á ya bí etí kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbọ́ sórí bébà, òun ni wọ́n fi ń ṣètò ẹ̀rọ. Èyí tó kàn ń gbé ohùn sókè, ariwo abọ́ náà ló máa gbé sókè mọ́ ọ̀rọ̀.

Délé Ifẹ̀: Òótọ́ ni. Èyí tó ń wọnú etí la rà fún bàbá mi, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, bátìrì bíńtín yẹn á já bọ́, a ó máa fi tọ́ọ̀ṣì wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. La bá pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tó ń kọ́ ẹ̀yìn etí, bátìrì tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 13 ló ń lò. Tẹ́ ẹ bá ṣí bébà ẹ̀yìn bátìrì náà, ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn bí ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó fi sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ ṣé gan-an. Èyí tó ń gba ṣájì ńkọ́?

Délé Ifẹ̀: Tíná bá ń ṣe déédéé ládùúgbò yín ni o.