Èsì: Norman Biggs kì í ṣe "agbere"

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́.

Mo ti fẹ́ panu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ láàárọ̀ yìí ni mo tún rí àkọlé náà, "Norman Biggs, agbere pataki ilu Cardiff", láìsí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀gbọ́n wa kan kọ ìtàn ìgbésí ayé Norman Biggs, ọmọ Wales tó gbá rọ́gíbì láyé àtijọ́, ìtàn tó dáa ni, n kò ní fi dù wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ní "eléré ìdárayá" ti gùn jù, ni wọ́n bá ṣẹ̀dá "agbéré": a-, gbé, eré. Wọ́n ní bí apẹja ṣe wà, tí akọ̀wé wà, bẹ́ẹ̀ náà ni agbéré ṣe lè wà.

Kò lè wà. Àfòmọ́ a- kò ṣẹ̀. Ọrùn gbé ni ẹjọ́ wà. Ta ló ń gbé eré lórí pápá? À ń sá eré, à ń ṣe eré, à ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn onítíátà ló ń gbé eré jáde. Nítorí náà, bí ẹ tilẹ̀ to àmì sí i lórí bí ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀gá onítíátà lẹ máa bá nídìí rẹ̀. Ẹ wá yọ àmì kúrò, bí ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ṣe yọ ọ́, kí ló kù? Àgbèrè! Ẹnìkan ní àyíká ọ̀rọ̀ yóò tú u. Àyíká wo? "Ko si agbere to yara to o ni gbogbo Cardiff." Ẹ ka ìyẹn fún ìyá yín, kí ẹ gbọ́ èsì wọn.

Ọkùnrin tí a ń bà lórúkọ jẹ́ yìí, 1870 ni wọ́n bí i ní Cardiff. Ọmọ ọdún 18 àti ọjọ́ 49 ni nígbà tó kọ́kọ́ gbá rọ́gíbì fún Wales, ní oṣù Kejìlá 1888, tí wọ́n kojú ẹgbẹ́ rọ́gíbì New Zealand Natives ní Swansea. Kò sí ẹni tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó tún wọ aṣọ náà títí Tom Prydie fi dé ní 2010. Ó ń sáré, ó sì gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Glamorgan. Baba àgbà mi ì bá pe irú rẹ̀ ní Kò-séré-tí-ò-mọ̀, kó sì parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dábàá "gbogbonìṣe", inú ìgò àwọn ìyá alágbo ni mo ti mọ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ "ìgbìyànjú" tí ẹ̀gbọ́n lò fún "try", ìyẹn fífi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà nínú rọ́gíbì, wá ńkọ́? Mo ti fi ṣẹlẹ́yà tẹ́lẹ̀. Mo gba díẹ̀ padà. Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹni tó bá fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà kò gba àmì ayò kankan. Àyè ló gbà láti gbìyànjú kí wọ́n ta á wọ àárín òpó. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ 7 oṣù Kìíní 1893 ní Cardiff. Pápá ti di yìnyín, wọ́n fi odindi òru dáná èédú káàkiri orí rẹ̀ kó lè yọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, Wales lẹ́ẹ̀mẹta: Arthur Gould méjì, Biggs ọ̀kan. Síbẹ̀, Wales ló borí, 12 sí 11, torí pé àmì 2 péré ni ìkanlẹ̀ kan nígbà náà, títa á wọ àárín òpó sì jẹ́ 3. Bancroft ti Wales ló wá ta èyí tó pa àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹ bá kọ "Biggs ṣe ìgbìyànjú kan", Yorùbá tó bá kà á á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, kò bọ́ sí i." Ìkanlẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè é.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní gírámà kí n tó mọ ABD. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni baba àgbà mi, n kò sì gbọ́ "ọfà onímájèlé" tí ẹ̀gbọ́n kọ lẹ́nu wọn rí. Inú oúnjẹ là ń bu májèlé sí. Oró là ń fi sẹ́nu ọfà. Ọfà olóró ló pa Biggs ní Sakaba, ní Kebbi òde òní, ní oṣù Kejì 1908, nígbà tó ń ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá fún ìjọba amúnisìn. Ẹ sì yọ "òǹrorò" tẹ́ ẹ pe àwọn tó ta á kúrò. Ilé bàbá wọn ni wọ́n wà. Òun ló rìn bá wọn.

Ẹni tó ní "olóró" àti "olórò" kò yàtọ̀, a máa pàdé lọ́la, mo ń bọ̀ wá bá yín.

Alámòójútó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yí àkọlé náà padà lónìí. Ọmọ-ọmọ ẹbí rẹ̀ lè máa wá orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì fi fóònù túmọ̀ rẹ̀.