Páúdà wo ni kí n rà fún eruku ara lọ́rí mi?

Òkun o, ẹ̀yin tèmi. Kàbbà ni mo wà, mo ń to lọ́rí kékeré kan, ẹ̀dà lọ́rí gidi ní ìwọ̀n 1/35 (gígùn ẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú márùndínlógójì ti lọ́rí gidi), mo sì fẹ́ kó rí bí àwọn tó ń kó iṣu kọjá níwájú ilé wa lásìkò ọyẹ́, eruku pupa dé orí táyà. Mo lọ yẹ̀pẹ̀ ojúde wa, mo jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ ṣe ló dà bí òkúta wẹ́wẹ́ lára ẹ̀. Èédú tí mo lọ̀ fún èéfín sàlẹ́ńsà dáa gan-an ní tiẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe fín fáníìṣì lé e báyìí, gbogbo eruku yẹn pòórá, ó dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, nínú pígímẹ́ǹtì (páúdà aláwọ̀) ti ilé-iṣẹ́ Vallejo àti ti AK, èwo ló ní àwọ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀ pupa wa? Ṣé spírítì lẹ fi ń mú un lẹ̀ ni àbí ẹ kàn ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ pa á síbẹ̀?