Ṣé kí n fi Windows tí wọ́n gé kúrú sórí kọ̀ǹpútà mi nítorí géèmù?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 8 GB péré ni kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ní, Windows 11 sì ti ń jẹ nǹkan bí ìdajì rẹ̀ kí n tó ṣí géèmù kankan, débi pé àwòrán máa ń dúró gbagidi níbi tí ìjà bá ti gbóná. Ọ̀rẹ́ mi kan wá fún mi ní Windows kan tí ẹni tí a kò mọ̀ rí ti gé kúrú: ó yọ Defender, tí ń dènà kòkòrò kọ̀ǹpútà, kúrò, ó sì pa Windows Update, tí ń mú àtúnṣe tuntun wá. Mo rí i lórí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ mi pé ó fúyẹ́ lóòótọ́.

Ohun tí ń kọ mí lóminú ni pé ẹni tí ó lè yọ nǹkan kúrò lè fi nǹkan mìíràn kún un, bẹ́ẹ̀ orí ẹ̀rọ yìí kan náà ni mo ti ń wọ àkáǹtì báńkì mi. Láìsí Update, ihò tí àwọn olè bá rí lónìí yóò wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún wọn. Géèmù Valorant tí mo fẹ́ràn kì í sì í ṣí lórí Windows 11 bí TPM 2.0 àti Secure Boot, àwọn ohun ààbò inú kọ̀ǹpútà, kò bá ṣiṣẹ́, n kò sì mọ̀ bóyá yóò ṣí lórí Windows gígé yìí.

Ṣé kí n kúkú lo Atlas, ètò kan tí ń mú Windows fúyẹ́, tí a ń fi sórí Windows ojúlówó, tí kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba, àbí kí n ra RAM kún un? Ẹni tí ó ti lo irú rẹ̀ pẹ́ ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ jù.