Kì í ṣe "awòmi"

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo rí àbá tó ti Abuja wá pé ká máa pe sọ́fè tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó gbẹ́ bọ́ọ̀hólù ní "ìwòmi", kí ẹ̀rọ rẹ̀ sì jẹ́ "awòmi". Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n tó dá a lábàá má bínú, irọ́ ni orúkọ náà ń pa.

Èmi ni mo ń fa wáyà nídìí iṣẹ́ yìí ní Jos. Irin mẹ́rin là ń kàn mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan. Méjì ti òde ń gbé iná bátìrì wọlẹ̀, méjì ti àárín ń wọn fólítéèjì. Bí a bá ṣe ń sún ti òde jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni iná ń jìn sísàlẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi iyọ̀ là ń bù sí ìdí irin kí ilẹ̀ tó gba iná wọlé. Omi kan ṣoṣo tí ojú rí níbẹ̀ nìyẹn, inú kẹ́ẹ̀gì la sì ti gbé e wá.

Agídí ilẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń ṣòro fún iná láti gba inú rẹ̀ kọjá, là ń wọ̀n. Apáta dúdú tó le gbagidi, agídí rẹ̀ pọ̀. Èyí tó ti jẹrà, tómi ti wọ̀, agídí rẹ̀ dínkù. Àmọ́ ti amọ̀ náà kéré, amọ̀ kì í sì í yọ̀ǹda omi fún kànga. A ti ríbi tí agídí rẹ̀ kéré dáadáa rí, onílé ti ra tánkì, amọ̀ nìkan ló ń tú jáde. Ta ni ì bá sọ fún un pé "awòmi" la lò?

Lórí Òkè Jos, nígbà tí apáta dúdú yìí ṣì yọ́, ó ṣàn bo àwọn odò àtijọ́ mọ́lẹ̀. Àwọn tó wa kùsà mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí inú iyanrìn odò wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń bá tánńganran. Ibẹ̀ lomi lè sá pamọ́ sí.

Baba Ògbómọ̀ṣọ́ kan dúró wò wá títí, ó ní, "Ṣé yanrìn lẹ ń tẹ̀ ni?" Mo ní, "Rárá o, bàbá, iná là ń rán lọ bi ilẹ̀ léèrè." Ibẹ̀ ni mo ti rí tèmi: ìfináwádìí ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n "òkúta ayọnáyèéfín", tí à ń pe apáta dúdú yẹn, yóò wá bá a jà, iná méjì nínú gbólóhùn kan. Òkúta náà sì ti tutù tipẹ́. Mo fẹ́ pè é ní "òkúta àyọ́dì", èyí tó yọ́ kó tó dì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé akọ òkúta, ìyẹn gíránáìtì, náà yọ́ kó tó dì, inú ilẹ̀ lòun dì sí ní tirẹ̀. Ṣé "àyọ́dì-òde" ni ká wí, àbí ẹ ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ?