Aṣọ kò gbà mí níkùn mọ́: dídín ọ̀rá kù fún obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi lóbìnrin. Ẹni ọdún 48 ni mí. Láàárín ọdún mẹ́ta sí àkókò yìí, mo ti fi nǹkan bíi kìló 7 wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni n kò rò pé oúnjẹ mi pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ikùn ni gbogbo rẹ̀ rọ́ sí, nígbà tó jẹ́ pé ìdí àti itan ni ọ̀rá máa ń lọ lára mi láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Nǹkan oṣù mi ti di ségesège: nígbà mìíràn a pé oṣù méjì kí n tó rí i, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ooru a máa mú mi lójijì, màá sì jí pẹ̀lú òógùn. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nítorí náà oorun mi kò tó tẹ́lẹ̀ kí èyí tó dé.

Nígbà tí mo wà ní ọdún 27, lẹ́yìn tí mo bí àkọ́bí mi, mo fi oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gbogbo aṣọ mi àtijọ́ sì tún bá mi mu. Mo tún un ṣe lọ́dún yìí. Òṣùwọ̀n lọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó dúró gbagidi, lẹ́yìn náà ó padà sí ibi tó wà, ó tún fi kìló kan lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá níbẹ̀, kí ni ó yí padà, kí sì ni ẹ ṣe?

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan

Àbúrò mi, ẹ kú ìfaradà. Mo ti pé ọdún 57. Ojú ọ̀nà tí ẹ wà yìí ni mo gbà kọjá, àṣìṣe tí ẹ ṣe náà ni mo ṣe, àfi pé tèmi gbà mí ní ọdún méjì kí n tó jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kò yí padà. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé bí obìnrin bá ti lé ní ogójì ọdún, ara rẹ̀ kì í lo oúnjẹ bó ṣe yẹ mọ́. Ìwádìí ńlá kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 2021, tó wo èèyàn tó lé ní 6,400 láti orílẹ̀-èdè 29, fi hàn pé bí a bá ti ro ti bí ara ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó àti iye iṣan tó wà lára rẹ̀, ìyẹn ẹran ara tí a fi ń rìn tí a sì fi ń gbé nǹkan, mọ́ ọn, agbára tí ara ń lò lójúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ọdún 20 títí di ọdún 60, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ẹ fojú sí ọ̀rọ̀ iṣan yẹn dáadáa. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ti máa ń dín kù, ìdá 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, pàápàá lára ẹni tí kì í gbé ohun tó wúwo. Iṣan a máa lo agbára kódà nígbà tí a bá jókòó lásán, ọ̀rá kì í lò tó bẹ́ẹ̀. Àwo oúnjẹ tó tó yín ní ọdún 30 lè wá pọ̀ jù fún yín lónìí, láìjẹ́ pé ẹ fi ṣíbí kan kún un.

Ti ikùn ní tirẹ̀, họ́mọ̀nù ló fà á. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dáwọ́ dúró, ségesège tó ń ṣáájú rẹ̀ sì lè gba ọdún bíi mélòó kan. Bí estrogen, họ́mọ̀nù obìnrin, ṣe ń lọ sílẹ̀, ara a fi ìdí àti itan sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rá pamọ́ sínú ikùn, láàárín ìfun àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀. Ọ̀rá ibẹ̀ yẹn ló burú, nítorí òun ni ó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn rìn ju ọ̀rá ìdí lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ lọ wá téèpù tí àwọn aránṣọ ń lò. Ẹ wọn ikùn yín yíká, láàárín ìsàlẹ̀ egungun ìhà àti orí egungun ìbàdí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mí síta. Fún obìnrin, láti sẹ̀ǹtímítà 80 lọ sókè ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, tó bá sì ti kọjá 88, ewu ti pọ̀.

Nísinsìnyí, ìdí tí ebi tí ẹ fi pa ara yín lọ́dún yìí kò fi ṣiṣẹ́. Ara tí ebi ń pa a máa ta dúkìá rẹ̀ láti fi jẹun, iṣan sì wà lára ohun tó ń tà. Nígbà tí ẹ bá padà sídìí oúnjẹ, ọ̀rá ni yóò kọ́kọ́ padà. Iṣan kì í sábà padà tán fúnra rẹ̀. Ẹ ti wá ní iṣan tó kéré sí ti àtẹ̀yìnwá, ẹ sì tún wúwo jù ú lọ. Ní ọdún 27, ẹ ní iṣan púpọ̀ tí ẹ lè pàdánù kí ó má hàn. Ní ọdún 48, kò sí èyí tó yẹ kí ẹ pàdánù níbẹ̀.

Ohun tí èmi ṣe kò ju méjì lọ tó ṣe pàtàkì. Àkọ́kọ́ ni púrótéènì. Kìló 82 ni mí nígbà náà. Gíráàmù 0.8 fún kìló ara kan ni ìwọ̀n tí wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ oúnjẹ fara mọ́ gíráàmù 1 sí 1.2 fún ẹni tó ti ń dàgbà. Mo fi 90 lójúmọ́ ṣe àfojúsùn, mo pín in sí 30 ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìgbà tí mo ṣe ìṣirò ni mo rí i pé mo ti ń tan ara mi jẹ: ẹyin kan kò ju gíráàmù 6 lọ, nítorí náà ẹyin méjì tí mo ń pè ní oúnjẹ gidi láàárọ̀ kò tó ìdajì ohun tí mo nílò. Adìyẹ tàbí ẹja tó jinná, tó tó gíráàmù 100, yóò fún yín ní nǹkan bí 25. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá pé gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó fi kún púrótéènì rẹ̀. Ní ti ìyókù àwo, ẹ̀fọ́ kó ìdajì rẹ̀, oúnjẹ afúnnilókun kó ìdá mẹ́rin kan, mo sì fi ohun mímu aládùn sílẹ̀ pátápátá, títí kan omi èso inú ike tí mo ti gbà pé ó ń ṣe ara lóore.

Èkejì ni gbígbé ohun tó wúwo, níbí sì ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń sá. Rírìn dára, mo ń rìn, ó dára fún ọkàn àti fún ìrònú; bí ẹ bá rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í lọ sókè tó bó ṣe yẹ kó lọ. Ṣùgbọ́n rírìn nìkan kò lè dá iṣan padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá kò fi mọ sí ìṣẹ́jú 150 tí wọ́n ní kí àgbàlagbà máa fi ṣe eré ìmárale lọ́sẹ̀. Wọ́n fi kún un pé kí ó máa fún iṣan rẹ̀ lókun ní ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Àga ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Màá jókòó, màá dìde láìfi ọwọ́ kan nǹkan kan, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Màá sinmi ìṣẹ́jú méjì, màá tún un ṣe, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, màá dúró kọjú sí ògiri, màá tẹ̀ sí i, màá sì fi apá méjèèjì ti ara mi padà. Ẹ̀kẹta, màá kó ìwé sínú báàgì, màá tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí ẹ̀yìn mi nà gbọnrangandan, màá sì máa fà á sókè sí ẹ̀gbẹ́ ìhà. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tó bá ti rọrùn láti ṣe é dé ẹ̀ẹ̀méjìlá, mo máa ń fi ìwé kan kún báàgì. Fífi kún un yìí gan-an ni iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ń gbé ìwọ̀n kan náà fún ọdún kan, iṣan kò rí ìdí tí yóò fi dàgbà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni mo tó lọ ra irin tí wọ́n fi ń ṣe eré ìmárale.

Ní òpin oṣù kẹrin, kìló mẹ́ta péré ni òṣùwọ̀n fi lọ sílẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kí n sunkún. Àfi ìgbà tí mo mú téèpù: ikùn mi ti fi sẹ̀ǹtímítà 9 dín kù. Bí mo bá ti gba òṣùwọ̀n nìkan gbọ́, mi ò bá ti jáwọ́.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa sọ, ṣùgbọ́n ẹ lọ rí dókítà yín kí ẹ tó dá gbogbo rẹ̀ lé ọjọ́ orí. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ẹṣẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn, nítorí bí iṣẹ́ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ó lè mú ara wúwo, ó sì wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Kí wọ́n yẹ ṣúgà àti iye ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání: àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan, àwọn steroid tí wọ́n fi ń dín ara wíwú kù, insulin tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò àti àwọn kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú èèyàn sanra. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín o.

Ségesège nǹkan oṣù wọ́pọ̀ ní ọjọ́ orí yín, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya débi pé ẹ ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kan sí méjì, tàbí tó ń jáde lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ má ṣe fi jáfara. Ẹni tí kò sì rí nǹkan oṣù fún oṣù 12, tó wá tún rí ẹ̀jẹ̀, gbọ́dọ̀ lọ ṣàyẹ̀wò ní kíákíá.

Nítorí pé àkókò tí wọ́n ń fún wa pẹ̀lú dókítà kì í pọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó lọ: ọjọ́ tí nǹkan oṣù wá ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, iye ìgbà tí ooru ń jí yín lóru, àti iye kìló tí ẹ fi wúwo sí i. Ooru òru yẹn ní ìtọ́jú. Oògùn họ́mọ̀nù kì í ṣe oògùn tí ń mú ni jò, ṣùgbọ́n ẹni tí ooru kò jí mọ́ yóò sùn, ẹni tó bá sì sùn dáadáa, ebi ohun aládùn kì í yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ àbúrò kan

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Èwo ni ti àga àti báàgì ìwé nígbà tí abẹ́rẹ́ tí ń mú ni jò ti wà? Ọ̀rẹ́ mi gbà á, ó sì jò láàárín oṣù mélòó kan.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì

Kò sẹ́ni tó ń bínú. Abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́, kò sì yẹ kí a fi bú ẹnikẹ́ni tí dókítà bá kọ ọ́ fún. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2021, àwọn tó lo semaglutide, ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ yìí, fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn dín kù ní ọ̀sẹ̀ 68. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá a dúró, láàárín ọdún kan, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n pàdánù ti padà sí wọn lára. Apá kan nínú ohun tí abẹ́rẹ́ ń mú lọ sì jẹ́ iṣan, nítorí náà ẹni tó ń gbà á nílò púrótéènì àti báàgì ìwé ẹ̀gbọ́n wa ju ẹni tí kò gbà á lọ. Ara tó bá sì ń jò ní ìkánjú, bó ti wù kó gbà jò, lè fa òkúta sínú òróòro. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á lábẹ́lẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa. Ní ti tíì tí ń mú ni ṣu, omi àti ìgbẹ́ ló ń mú jáde, ọ̀rá jókòó síbẹ̀ ní tirẹ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà. Ìbéèrè kan ló kù: kí ni kí n ṣe pẹ̀lú oúnjẹ lálẹ́ iṣẹ́? Láti aago méjì òru ni ebi máa ń já wọ inú mi.

Ẹ̀gbọ́n

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ alẹ́. Ẹ jẹ oúnjẹ gidi kí ẹ tó jáde nílé, kí púrótéènì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gbé ohun kékeré dání fún òru, bí ẹyin sísè tàbí wàrà dídì tí kò ní ṣúgà, kí ẹ̀rọ tí ń ta ohun dídùn ní ibi iṣẹ́ má baà di olùgbàlà yín. Ẹ má jẹ oúnjẹ tó wúwo láàárín òru, nítorí ara kì í kápá ṣúgà dáadáa ní àkókò yẹn. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, kí yàrá tutù, kí ẹ sì gbìyànjú láti sùn fún wákàtí 7. Ọjọ́ tí ẹ kò lọ síbi iṣẹ́ ni kí ẹ fi ṣe ti àga, kì í ṣe òwúrọ̀ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Olùbéèrè

Mo wọn ikùn mi láàárọ̀ yìí: sẹ̀ǹtímítà 97. Mo ṣe ti àga náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá àkọ́kọ́ bọ́ sí i, èkejì mú orúnkún mi gbọ̀n, ìkẹta kò ṣeé parí láìfi ọwọ́ ti ara mi.

Ẹ̀gbọ́n

Ẹ fi ìrọ̀rí tó le lé orí àga náà kí ìjókòó rẹ̀ ga sí i, ìkẹta yóò ṣeé ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ mú ìrọ̀rí kúrò.