Ibo la lè sùn sí nítòsí Sùúrùlérè kí á tó sá màrátọ́ọ̀nù Èkó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa márùn-ún tá a jọ máa ń sáré láàárọ̀ n'Íbàdàn fẹ́ wá sá kìlómítà 42 Èkó lóṣù Kejì. Pápá ìṣeré Sùúrùlérè la ti máa gbéra, Eko Atlantic ló parí sí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ilé ìtura tí kò wọ́n, tá a lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́?

Afárá Third Mainland ló ń kọ mí lóminú jù, torí kò síbòji níbẹ̀. Nígbà tí mo sá kìlómítà 30 kẹ́yìn, iyọ̀ gbẹ funfun sára ẹ̀wù mi, iṣan ẹsẹ̀ mi sì le gbagidi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sá a rí, kí lẹ máa ń mu kẹ́ ẹ tó gorí afárá?