Ẹyin ẹyẹlé Barb mi kì í pa: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Adéwálé: Ẹ̀yin àgbà ẹlẹ́yẹlé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ẹyẹlé Barb méjì tí mo rà (irú ẹyẹlé ọ̀sìn kan tí àgógó rẹ̀ kúrú, tí ẹran pupa sì yí ojú rẹ̀ ká) ti sú mi, nítorí ẹni tó tà wọ́n fún mi búra pé takọtabo ni wọ́n, ó sì gba owó ńlá lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n gbogbo ẹyin tí wọ́n sàba lé ló ń di òbu. Ilé wọn gbẹ, omi wọn mọ́, mo tilẹ̀ fi ọ̀dà funfun kun ún. Ọkùnrin náà kò gbé fóònù mi mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé: Ẹ kò sọ ọjọ́ orí wọn, ẹ kò sì sọ iye ẹyin. Bí wọ́n bá ti sàba tó ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹyin nínú òkùnkùn. Bí ọlẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ta bí òwú aláǹtakùn.

Ṣadé: Àgógó Barb ti kúrú jù láti bọ́ ọmọ dáadáa. Abẹ́ ẹyẹlé mìíràn tó yé ní àkókò kan náà ni mo máa ń gbé ẹyin tèmi sí, kí wàrà ọ̀fun alágbàtọ́ náà, ìyẹn oúnjẹ bíi wàrà tí ẹyẹlé máa ń pọ̀ bọ́ ọmọ, lè ti sun nígbà tí ẹyin bá pa, ní nǹkan bí ọjọ́ kejìdínlógún.

Kúnlé: Ìyáàfin, ẹyin tí kò pa ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ọmọ.

Ṣadé: Bí ó bá pa lọ́la ńkọ́?

Adéwálé: Takọtabo ni wọ́n. Ẹran pupa tó yí ojú akọ ká nípọn ju ti abo lọ, akọ náà sì máa ń kùn yí abo ká. Wọ́n lágbára gan-an, ẹyin mẹ́rin ló wà nínú ìtẹ́ báyìí.

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé: Mẹ́rin kẹ̀! Ẹyin méjì ni abo kan máa ń yé lẹ́ẹ̀kan. Abo méjì lẹ rà. Ọdún ló ń mú ẹran ojú àti ti imú nípọn, ó sì lè tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó gbó, nítorí náà abo àgbà lè ní ẹran ju akọ ọ̀dọ́ lọ. Abo tí kò rí akọ náà máa ń kùn, wọ́n sì máa ń gun ara wọn. Ẹ wo ọdún tó wà lára òrùka ẹsẹ̀ wọn.

Adéwálé: Èyí tí mo pè ní akọ fi ọdún mẹ́ta ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ara wọn, mi ò fẹ́ yà wọ́n.

Kúnlé: Ẹ gbọ́dọ̀ yà wọ́n, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá akọ méjì, kí ẹ fi àwọ̀n pààlà láàárín akọ àti abo títí wọn yóò fi mọ ara wọn.

Adéwálé: Ta ló ní akọ tí kì í ṣe ọmọ ìyá wọn?